Fáìlì Kékeré Tí Gbálẹ̀gbálẹ̀ Gbá Dànù

Ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn kan mọ́ tónítóní débi pé eṣinṣin tó bá fẹ́ bà lé e léjìká yóò kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, yóò sì tọrọ àforíjì. Gbálẹ̀gbálẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ló ń gbá. Inú kọ̀ǹpútà gan-an ló máa ń gbá. Bó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ kan, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa fáìlì inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Èyí tó bá kéré, tó rí jákujàku, tí kò mọ baba tó bí i, a pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, a da gbogbo ìdọ̀tí náà nù pátápátá, kó má baà rùn. Ta ló sọ fún un pé fáìlì ń rùn, ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí à ń wí yìí, agogo mẹ́sàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, Gbálẹ̀gbálẹ̀ wà nínú yàrá ẹ̀rọ. Yàrá náà kò ní fèrèsé, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì tutù débi pé yìnyín tó bá wọlé yóò wá ẹ̀wù òtútù wọ̀. Síbẹ̀ òógùn ń dà lára ọkùnrin yìí bí ẹni tó ru òkè ńlá méjì, tó tún fi ìkẹta há abíyá.

Ohun tó ń lé òógùn jáde lára rẹ̀ rèé. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, aránṣọ ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Gbálẹ̀gbálẹ̀ nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ibà kan kọ lu ẹ̀gbọ́n náà. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó kó etí rẹ̀ méjèèjì dání. Ilé ìwòsàn yìí kan náà ló ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n ki okùn tín-ín-rín kan tó ní ojú méjìlélógún sínú etí rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń kọ́ sẹ́yìn etí. Ojú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí nọ́ńbà bá kéré jù, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Bó bá pọ̀ jù, àfi bí ẹni ń lu irin mọ́ ọn lágbárí. Ọdún méjì gbáko ni dókítà etí fi wá àwọn nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yí rédíò kiri láti wá ilé iṣẹ́ kan tó wà lẹ́yìn oṣùpá.

Ohùn àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ kedere ni ti ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tí gbogbo ayé ń pè ní Akéde. Ọgbọ̀n ọdún ni Akéde fi ń kéde ọkọ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ débi pé bó bá ti ní ọkọ̀ kan ń bọ̀, ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ṣì ń wá bàtà nílé yóò ti máa yí ẹsẹ̀.

Ohùn yìí ni wọ́n fẹ́ gé kúrò lọ́fun Akéde ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an. Jẹjẹrẹ ló jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn agogo méjì, yóò máa mí, yóò máa jẹun, yóò máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ti dágbére fún ayé.

Wàhálà kì í dá rìn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rọ ẹ̀yìn etí ẹ̀gbọ́n já sínú omi ìfọṣọ, ó kú. Tuntun dé ní Ọjọ́bọ̀, òfìfo, kò ní nọ́ńbà kan nínú. Dókítà etí lọ tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà rú èéfín, òun náà kú. Ó ti dàgbà púpọ̀. Bí o bá ní kó ṣírò eéjì pẹ̀lú eéjì, ó máa kọ́kọ́ béèrè ọ̀pá ìtilẹ̀. Dókítà gbìyànjú láti wá nọ́ńbà náà látìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ ò ju kí ẹnìkan máa wọ́ ìkòkò lórí símẹ́ńtì. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Gbálẹ̀gbálẹ̀ kò kọ́kọ́ mikàn. Oṣù kan sẹ́yìn ló ti ṣe ẹ̀dà gbogbo dísíìkì kọ̀ǹpútà náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn sì ní ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n sọ lórúkọ ní Ilé Ayálégbé. Ara kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ogún kọ̀ǹpútà ló ń gbé inú rẹ̀, olúkúlùkù sì gbà pé òun nìkan ló ni ilé. Bí èèyàn bá gbé ẹ̀dà dísíìkì kọ̀ǹpútà tó ti kú wọ ibẹ̀, kọ̀ǹpútà náà á jí, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun kú rí. “Iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni,” ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó tún fi ìka ta.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti di òru kan àti àárọ̀ kan. Ilé Ayálégbé wo ẹ̀dà náà, ó ní òun kò mọ ohun tí Gbálẹ̀gbálẹ̀ gbé wá. Ó tún gbé e wá. Ilé ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni ilé lé àlejò náà jáde.

Dókítà etí yọjú sí i lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ta bí ata.

“Gbálẹ̀gbálẹ̀, ibo la dé?”

“A ti dé ẹnu ọ̀nà, mà.”

“Láti àná lo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé o fẹ́ di ìlẹ̀kùn ni?”

Ibẹ̀ ni Gbálẹ̀gbálẹ̀ ti ṣí fóldà ẹ̀dà náà lójú rẹ̀, kó lè fi hàn án pé nǹkan wà níbẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ńlá, ó sanra bí erin tó lóyún. Ó wò ó. Ó tún un wò. Ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú bàtà.

“Méjì ni wọ́n,” ló wí.

“Méjì kí ni?”

“Ẹ̀dà. Méjì ló máa ń jẹ́. Ńlá kan, kékeré kan. Ńlá ni ara kọ̀ǹpútà. Kékeré ni ìwé ìwọ̀n rẹ̀, òun ló ń sọ fún ilé bí ńlá ṣe gùn tó àti bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Láìsí kékeré, ńlá kàn jẹ́ ẹran lásán ni.”

“Kékeré dà?”

Dókítà wo ojú rẹ̀, ó wo tábìlì rẹ̀ tí eruku kankan kò gbọdọ̀ bà lé, ó sì mọ ìdáhùn.

“O gbá a.”

“Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mà. Kò tóbi tó ìpéǹpéjú ẹ̀fọn. Mo rò pé ìdọ̀tí ni.”

“O dẹ̀ ti da ìdọ̀tí náà nù.”

“Kó má baà rùn, mà.”

Dókítà etí jókòó lórí àpótí kan. “Abẹ́rẹ́ ò ju abẹ́rẹ́ lọ,” ló wí, “ṣùgbọ́n adìẹ ò lè gbé e mì. Lọ bẹ oníṣẹ́ abẹ. Bóyá ó lè sún un di ọ̀la.”

Gbálẹ̀gbálẹ̀ gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin bí ẹni tí ejò ń lé. Oníṣẹ́ abẹ ń fọ ọwọ́, ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹni pé ó fẹ́ rí egungun. Kò yí ojú padà.

“Ọjọ́ kan péré, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan báyìí. Ó fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kí ẹ tó gé e.”

“Ṣé o mọ bí ihò tó kù lọ́fun rẹ̀ tó fi ń mí ṣe tóbi tó?” Oníṣẹ́ abẹ gbé ìka rẹ̀ tó kéré jù sókè. “Èékánná èyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, odidi ìka ni. Èmi ni mo lè dúró. Ọ̀fun yẹn ò ní dúró.”

Gbálẹ̀gbálẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá Akéde. Àtẹ̀gùn tó gùn bí ọ̀run nígbà tó ń lọ, ó kúrú jù báyìí. Ó fẹ́ kó gùn, kó máa sọ̀ lọ títí dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀, kó má débẹ̀ mọ́.

Akéde jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ abẹ lára. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń rán etí aṣọ náà nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ẹni tó rán an tẹ́lẹ̀ yẹ kó lọ máa ro oko. Ó ń ka ètè ọkọ rẹ̀. Nítorí kò gbọ́ ara rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe ọkọ̀ òfuurufú wálẹ̀.

“ÀBÚRÒ, ṢÉ MÒ Ń PARIWO?”

“Díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi.” Nọ́ọ̀sì méjì ti sá kúrò ní ọ̀nà.

“Àna mi, káàbọ̀,” Akéde wí. Ohùn náà ti ha, ṣùgbọ́n férémù fèrèsé ṣì gbọ̀n. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èrò pé ọkọ̀ pẹ́. Ó wá kan ọkọ̀ tèmi, ọkọ̀ ọ̀hún ò wá pẹ́ rárá.”

Gbálẹ̀gbálẹ̀ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n kó lè rí ètè rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò lè gba ohùn Bùọ̀dá sórí fóònù? Tí a bá rí nọ́ńbà lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ó máa gbọ́ ọ.”

“A TI GBÀ Á. ILÉ IṢẸ́ RẸ̀ PÀÁPÀÁ TI GBÀ Á LỌ́PỌ̀ ÌGBÀ.” Ó já òwú pẹ̀lú eyín. “FÓÒNÙ Ò NÍ DÁ MI LÓHÙN. MO FẸ́ SỌ NǸKAN KÓ SÌ DÁ MI LÓHÙN. LẸ́Ẹ̀KAN. KÍ LÓ Ń ṢE Ọ́? OJÚ RẸ RÍ BÍ TỌJỌ́ TÓ O GBÁ ÒRÙKA MI DÀNÙ.”

Gbálẹ̀gbálẹ̀ kúnlẹ̀. Kò gbèrò rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ló dá pinnu. Ó sọ gbogbo rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó lè rí i kà: fáìlì ńlá, fáìlì kékeré, ìgbálẹ̀. Nígbà tó parí, ẹ̀gbọ́n kò lù ú, kò sunkún. Èyí tó ṣe burú jù méjèèjì lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán etí aṣọ. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka. Akéde gba ọwọ́ náà, ó fi sẹ́nu.

“ÌWÉ ÌWỌ̀N,” ẹ̀gbọ́n wí. “ṢÉ ÌWÉ ÌWỌ̀N LÓ NÙ, ÀBÍ AṢỌ?”

“Ìwé ìwọ̀n ni. Aṣọ wà.”

“KÍ LO WÁ KÚNLẸ̀ SÍ? Ẹ̀Ẹ̀MÉLÒÓ LO TI BÁ MI GBÁ ÌWÉ ÌWỌ̀N ONÍBÀÁRÀ DÀNÙ NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ? KÍ NI MO MÁA Ń ṢE?”

Ó rántí. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá ti gbá ìwé ìwọ̀n ẹnìkan mọ́ àgékù aṣọ, ẹ̀gbọ́n kì í lọ ko ẹni náà lójú. Á wá ẹlòmíràn tí ara wọn dọ́gba, á pè é wọlé, á wọ̀n ọ́n, á kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀, á wá kọ orúkọ oníbàárà sókè ìwé. Oníbàárà á wọ aṣọ rẹ̀, kò ní mọ̀ láéláé.

Gbálẹ̀gbálẹ̀ dìde. Kò dágbére. Àwọn tó rí i lọ́nà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, pé òjìji rẹ̀ ló ń sáré lẹ́yìn tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de òun.

Nínú yàrá ẹ̀rọ, ó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ bí fáìlì ńlá náà ṣe tóbi tó gan-an, títí dé ẹyọ tó kẹ́yìn. Ó kọ ọ́ sórí bébà. Ó kà á láti iwájú, ó kà á láti ẹ̀yìn. Ó wá ní kí ẹ̀rọ ṣe dísíìkì òfìfo tuntun kan tó tóbi bákan náà géérégé, kò gbọdọ̀ fi irun kan jù. Ẹ̀rọ ṣe é. Gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀, ẹ̀dá méjì ló bí: ńlá òfìfo kan, kékeré kan. Kékeré yẹn, ìwé ìwọ̀n. Gbálẹ̀gbálẹ̀ wò ó bí ẹni rí ìyá rẹ̀ lójú àlá.

Ó ṣí i. Ó pa orúkọ òfìfo rẹ́, ó kọ orúkọ ti kọ̀ǹpútà tó kú sí i. Ó gbé e lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ erin. Ó ku kó pa ńlá òfìfo náà rẹ́, torí àyè kò ní tó. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí bọ́tìnnì ìparẹ́, ó sì dúró síbẹ̀. Ńlá méjì ló wà lójú ẹ̀rọ, wọ́n jọra bí ìbejì, ìwọ̀n kan náà, ọ̀kan nìkan ló ní ohùn Akéde nínú. Ọkùnrin tó ti pa ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún fáìlì rẹ́ láì ṣẹ́jú kò lè tẹ bọ́tìnnì kan. Ó ka orúkọ wọn sókè. Ó pe dókítà etí wọlé kó bá òun kà á. Dókítà kà á. Ó ní kó tún un kà.

“Bí o bá ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kẹta, èmi ni màá pa ìwọ rẹ́,” dókítà wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Òfìfo lọ.

Ó kọjú sí Ilé Ayálégbé, ó gbé àlejò wá lẹ́ẹ̀kejìdínlógún. Ilé wò ó. Ilé wo ìwé ìwọ̀n. Ilé ṣílẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n erin kì í kó wọ ilé bí eèrà. Wákàtí kan dín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àkówọlé náà gbà. Ìlà kan wà lójú ẹ̀rọ tó ń fi hàn bó ṣe ń lọ, ó ń rìn bí ìgbín tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀ tí inú sì ń bí. Nígbà tó dé òpin, agogo kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Gbálẹ̀gbálẹ̀ tan kọ̀ǹpútà náà. Ojú ẹ̀rọ dúdú, ó mọ́lẹ̀, òkú la ojú kan, ó sì wó padà. Gbogbo ojú ẹ̀rọ di búlúù, àmì pé kọ̀ǹpútà dákú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ funfun tí kò sí ẹ̀dá alààyè tó fẹ́ràn rẹ̀ láyé.

Ó tún tàn án. Búlúù. Ó tún tàn án. Búlúù.

Ó gbé orí lé tábìlì. Ní agogo méjì, wọn yóò gé ohùn Akéde. Ẹ̀gbọ́n yóò máa gbé pẹ̀lú ọkùnrin kan tí kò ní dá a lóhùn mọ́ títí wọn ó fi kú, nítorí pé àbúrò rẹ̀ fẹ́ràn kí fóldà mọ́.

“Ilé tuntun nìyí,” dókítà etí wí lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Àgbàlagbà lo gbé wọ inú rẹ̀. Ṣé ó mọ ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣí?”

Ó gbé orí sókè. Òótọ́ ni. Ẹnu ọ̀nà tuntun tó yára ló so dísíìkì náà mọ́, torí ó mọ́, ó sì dán. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò rí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, ó jí, kò rí dísíìkì ara rẹ̀, ó dákú. Ilé Ayálégbé ṣì ní ẹnu ọ̀nà àtijọ́ kan lẹ́yìnkùlé, tó lọ́ra, tí Gbálẹ̀gbálẹ̀ ti ń wá ọdún tí yóò dí i pa, torí pé kò wu ojú. Ó dúpẹ́ pé kò rí àyè. Ó yọ dísíìkì níwájú, ó so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó tàn án.

Òkú jí. Ó lọ́ra, ó ń húkọ́, ó béèrè ọ̀pá ìtilẹ̀, ṣùgbọ́n ó jí. Orúkọ ẹ̀gbọ́n jáde, àwọn nọ́ńbà tẹ̀lé e, ojú méjìlélógún. Agogo kan àti ogójì ìṣẹ́jú ni.

Dókítà etí kó nọ́ńbà sórí bébà bí ẹni ń já èso lábẹ́ òjò, wọ́n sì sáré. Nígbà tí wọ́n dé yàrá náà, àwọn ọkùnrin méjì tó ń ti ibùsùn ti ń yọ ìdè táyà rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dókítà so ẹ̀rọ ẹ̀yìn etí mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. “Kò ní kárí,” ló wí. “Ohùn tó rinlẹ̀ ni ti ọkọ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.” Ó tẹ ojú kìíní, èkejì, ẹ̀kẹta. Ojú kẹtàlá ló dé nígbà tí àwọn ọkùnrin náà ní kò sí àyè mọ́. Dókítà fa okùn yọ, ó kọ́ ẹ̀rọ náà sẹ́yìn etí ẹ̀gbọ́n.

Ibùsùn bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ̀gbọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó sọ nǹkan. Akéde dá a lóhùn. Gbálẹ̀gbálẹ̀ wà lẹ́yìn jìnnà, kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, gbígbọ̀n gíláàsì ògiri nìkan ló gbọ́. Ó rí i tí ẹ̀gbọ́n dúró gbọn-in bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn lẹ́yìn. Ó rí i tó tún sáré bá ibùsùn, tó tún sọ̀rọ̀, tí Akéde tún dáhùn. Báyìí ni wọ́n ṣe lọ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì ti yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu bí tọkọtaya tó ń jà lórí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀kùn padé.

Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó yí padà. Àbúrò rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀nà, ilẹ̀ tí wọn ò tíì gbá láti àárọ̀, ó fi orúnkún bojú. Ẹ̀gbọ́n bá a jókòó.

“Kí ni Bùọ̀dá wí?” ni Gbálẹ̀gbálẹ̀ béèrè láì gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ló rántí pé kò lè ka ètè òun báyìí, ó fẹ́ gbójú sókè láti tún un sọ.

“Ó ní tí òun bá jáde, o ò gbọdọ̀ gbá yàrá wa fún oṣù mẹ́fà.”

Kò lè dá a dúró mọ́. Ẹkún tí ó ti ń gbé mì láti àná tú jáde, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ògiri tí wọ́n fi dí odò bá ya. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ó sọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

“Rọra sunkún, àbúrò mi,” ló wí. “Mo ń gbọ́.”